Òrùlé líle àbí òrùlé aṣọ fún Wrangler? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Alárá (Houston)

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará. Mo fẹ́ ra Jeep Wrangler. Jeep gan-an ni mò ń wí o, kì í ṣe "jíìpù" tí a fi ń pe gbogbo ọkọ̀ gíga nílé. Nígbà tí mo sọ fún bàbá mi lórí fóònù, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Jíìpù Toyota ni àbí ti Honda?"

Méjì ni mo ti rí. 2016 ni àwọn méjèèjì, onílẹ̀kùn mẹ́rin. Ọ̀kan ní òrùlé líle dúdú, èyí tí wọ́n ń pè ní hardtop. Èkejì ní òrùlé aṣọ, soft top. Olórùlé líle fi $2,300 wọ́n ju èkejì lọ, máìlì tí wọ́n sì ti rìn kò fi bẹ́ẹ̀ ju ara wọn. Ìyàwó mi ti ní òun ò ní jókòó nínú ọkọ̀ tí wọ́n fi tapólì bò bí ọkọ̀ tó kó iṣu. Ọmọ méjì la ní, ọ̀kan ọdún mẹ́fà, ọ̀kan ọdún mẹ́ta. Orí ọ̀nà márosẹ̀ I-10 ni mò ń gbà lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́. Tó bá di Sátidé, mo fẹ́ máa gbé e lọ sí etíkun ní Bolivar, kí n sì máa wọ inú igbó lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ká sọ tòótọ́, aṣọ ló ń wu èmi. Kí lẹ rí sí i?

Baba Táyà (San Antonio)

Olórùlé líle ni kẹ́ ẹ rà. Mẹ́ta ni mo ti lò nínú ọkọ̀ yìí láti 2008, mo sì ti ṣe irú àṣìṣe tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe yìí rí.

Ẹni tó ra olórùlé líle tí aṣọ wá wù ú lẹ́yìn náà, kò ní náwó tó ẹni tó ra aláṣọ tó wá ń wá òrùlé líle kiri. Nígbà tí mo ra èkíní mi pẹ̀lú aṣọ, mo ní tó bá yá màá rí òrùlé líle àlòkù rà. Oṣù márùn-ún ni mo fi wá a. Èyí tí mo kọ́kọ́ rí, ti onílẹ̀kùn méjì ni. Mẹ́rin ni tèmi, wọn kì í bá ara wọn mu. Òmíràn jẹ́ mẹ́rin lóòótọ́, àmọ́ pupa ni, ọkọ̀ mi sì jẹ́ búlúù. Ìgbà tí mo wá rí dúdú, $1,900 ni mo san, mo tún yá tírélà lọ gbé e ní Dallas. Mo gbé e délé tán ni mo rí i pé kò sí wáyà tí màá so wáípà ẹ̀yìn mọ́. Ọkọ̀ tó bá jẹ́ pé aṣọ nìkan ni wọ́n fi bò ó láti ilé iṣẹ́, wọn kì í sábà fi wáyà wáípà àti ti gíláàsì ẹ̀yìn sí i. Ó di kí n tún ra wáyà lọ́tọ̀, kí n sì tú inú ọkọ̀ palẹ̀ láti nà án.

Ohun kan tún wà. Lọ́dún 2018 ni Wrangler tuntun jáde, òrùlé tiẹ̀ kò sì lè wọ irú tiyín. Ẹni tó bá fẹ́ ta á fún yín á ní ó máa wọ̀ ọ́. Kò ní wọ̀ ọ́.

Kí n má fi apá kan pamọ́ o: ẹni tó bá ń ti orí líle lọ sí aṣọ, kì í ṣe aṣọ àti irin tó gbé e dúró nìkan ló máa rà. Férémù kan wà tó yí orí ilẹ̀kùn ká tí aṣọ máa ń há sí, kì í sí lára ọkọ̀ tó jẹ́ líle nìkan. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rántí rẹ̀ àfi ìgbà tí àpótí bá dé tí wọ́n tú u.

Ìyá Méjì (Katy)

Baba Táyà, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ti mọ̀ pé ibẹ̀ lẹ máa gbà yọ. Láti 2014 ni èmi ti ń wa aláṣọ, kò tíì sú mi.

Ẹ jẹ́ kí ọmọ yìí mọ ohun tó ń bọ̀. Òrùlé líle yẹn, kò lè dá a gbé. Ti onílẹ̀kùn mẹ́rin wúwo ju ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn lọ, ó tún gùn gbọọrọ. Èèyàn méjì tó lágbára ni, mẹ́ta ló dáa jù. Wọ́n á tú nọ́ọ̀tì yípo, wọ́n á yọ wáyà, wọ́n á yọ rọ́bà tó ń gbé omi lọ sí wáípà. Ẹni tó bá gbàgbé wáyà yẹn tó gbé òrùlé sókè, á fà á já ni. Tèmi ńkọ́? Ìkọ́ méjì ló wà lókè gíláàsì iwájú. Mo tú wọn, mo ká iwájú aṣọ sẹ́yìn, oòrùn ti wọlé. Kí àwọn ọmọ tó wọ bàtà tán, mo ti ṣe é.

Ẹ̀yìn ni àbùkù rẹ̀ wà. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ ọmọ àbúrò mi, kúlà ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù méjì ni mo fẹ́ kó. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí lóòótọ́, àmọ́ fèrèsé rọ́bà ṣì rọ̀ sílẹ̀ láti òkè, irin tó dè é mọ́lẹ̀ sì dábùú ẹnu ọ̀nà. Ẹ wo èmi nínú léèsì, tí mo kúnlẹ̀ síbi ìgbọ́kọ̀sí, tí mò ń fa síìpù. Ti ọwọ́ ọ̀tún wá. Ti ọwọ́ òsì dé ìdajì, ó há, yanrìn Bolivar ti kún eyín rẹ̀. Mo fà á, ó kọ̀. Mo tutọ́ sí i, ó kọ̀. Nígbà tó yá, ẹ̀gbẹ́ ni mo gbé ìrẹsì gbà, kúlà kan jókòó síbi tí ọmọ ń jókòó, mo de bẹ́líìtì fún un. Láti ọjọ́ náà, tí mo bá ti ti etíkun dé, omi lásán ni mo fi ń ṣan síìpù, màá fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ ha á, lẹ́yìn náà màá fi sìlíkóònù díẹ̀ sí i. Àwọn aláṣọ ti 2018 tuntun yẹn kò ní síìpù lójú fèrèsé mọ́, ojú irin ni wọ́n ń há a sí. Tiyín ṣì máa ní in.

Ọ̀rọ̀ olè: wọ́n ti fi ọ̀bẹ ya tèmi lẹ́ẹ̀kan níwájú ilé ìtajà. Owó ẹyọ ni wọ́n rí kó. Látìgbà náà, mi kì í ti ilẹ̀kùn mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ kà á dáadáa. Kí olè ṣí i, kó wò ó, kó rí i pé kò sí nǹkan níbẹ̀, kó máa lọ. Àpótí àárín nìkan ni mò ń fi kọ́kọ́rọ́ tì. Ẹni tí kò bá lè fi ọkọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ láìtì kó sì sùn, kó má ra aláṣọ.

Àkàndé (Denver)

Ẹ̀yin ará Houston, ẹ ò mọ òtútù, àyàfi ti oṣù kejì 2021 tó ká gbogbo Texas mọ́lé. Níbí, tó bá ti di oṣù kọkànlá, aṣọ di pákó. Ìwé tó bá ọkọ̀ tèmi wá sọ pé kéèyàn má ṣí i, kó má sì pa á dé, tí ojú ọjọ́ bá tutù ju 41 Fahrenheit lọ, ìyẹn 5 Celsius. Mo kà á. Mo ṣe agídí. Òwúrọ̀ ọjọ́ kan ni, mo fẹ́ yọ fèrèsé ẹ̀yìn kí n lè ráyè kó igi sí i. Mo tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ báyìí, mo gbọ́ "ká!", ó là láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí awọ gbẹ̀gìrì tó gbẹ.

Ìyẹn ló sọ mí di olórùlé méjì. Líle láti oṣù kẹsàn-án títí di ìparí oṣù karùn-ún, aṣọ fún ẹ̀ẹ̀rùn. Mo so ẹ̀rọ ìfàsókè olókùn mọ́ àjà gáréèjì. Ẹ rí i pé igi àjà gan-an lẹ dè é mọ́ o, kì í ṣe pátákó tí wọ́n fi bò ó. Mo wa ọkọ̀ sábẹ́ rẹ̀, mo tú nọ́ọ̀tì, mo fà á, òrùlé gòkè, mo wakọ̀ jáde. Èmi nìkan ni. Ìyàwó mi kì í gbà kí ọmọ kọjá lábẹ́ rẹ̀, mi ò sì bá a jà.

Tí aṣọ bá ti wà ní kíká fún oṣù púpọ̀, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ dá a padà ẹ máa rò pé wọ́n ti ta aṣọ ẹlòmíràn fún yín. Ó máa dà bíi pé ó ti sún kì. Ẹ gbé ọkọ̀ sínú oòrùn kó móoru, kẹ́ ẹ máa fà á díẹ̀díẹ̀, ó máa dé ibi tó yẹ kó dé. Ẹ má sì fi irin tàbí pákó ha yìnyín kúrò lójú fèrèsé rọ́bà láé, kẹ́ ẹ má wakọ̀ aláṣọ wọ inú ẹ̀rọ ìfọkọ̀ tó ní búrọ́ọ̀ṣì.

Ọmọ Alárá (Houston)

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n mi gbogbo. Ohun kan wà tí mo gbàgbé láti sọ: àpátímẹ́ǹtì la wà o, àjà kejì. Kò sí gáréèjì. Ìta gbangba ni mò ń gbé ọkọ̀ sí.

Baba Táyà (San Antonio)

Háà. Ọ̀rọ̀ yìí ló yẹ kó ṣáájú. Gbogbo ìbéèrè yín kò ju ẹyọ kan lọ: níbo ni òrùlé náà máa sùn?

Àpátímẹ́ǹtì kò ní àyè fún nǹkan tó tóbi tó ilẹ̀kùn méjì. Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá ra líle, ẹ mọ̀ pé apá ẹ̀yìn tó tóbi kò ní kúrò lórí ọkọ̀ títí tẹ́ ẹ fi máa tà á. Ìyẹn kò sì burú tó bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Ègé mẹ́ta ni òrùlé líle náà: méjì kékeré lókè orí díráfà àti ẹni tó jókòó tì í, ọ̀kan ńlá lẹ́yìn. Àwọn kékeré méjì yẹn, ẹnìkan ló ń yọ ọ́, kò ní tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Àpò wọn wà tí wọ́n ń tà. Ẹ kó wọn sínú rẹ̀, ẹ fi wọ́n dúró sẹ́yìn àga. Ojú ọ̀run ṣí sílẹ̀ fún ẹ̀yin àti ìyàwó, òjìji wà lórí àwọn ọmọ lẹ́yìn.

Kí n jẹ́wọ́: èmi tí mo ní gáréèjì yìí, láàárín ọdún méjì, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo gbé apá ńlá yẹn kúrò.

Tí yíyọ ègé méjì bá tún ń ni yín lára, Bestop ń ṣe ọ̀kan tí wọ́n ń pè ní Sunrider. Ẹ yọ ègé iwájú méjèèjì, ẹ fi aṣọ rẹ̀ rọ́pò wọn, òrùlé líle ẹ̀yìn dúró síbẹ̀. Ẹ ká a sẹ́yìn tẹ́ ẹ bá fẹ́ afẹ́fẹ́, ẹ dá a padà tí òjò bá ṣú. Fún òjò Houston tí kì í fúnni ní ìkìlọ̀, kò sí ohun tó dà bí i.

Ìyá Méjì (Katy)

Ẹ ti gbé ìbéèrè náà kalẹ̀ dáadáa, àmọ́ ìdáhùn rẹ̀ lè yí padà. Aṣọ tèmi, orí ọkọ̀ náà ló ń sùn. Tí mo bá ká gbogbo rẹ̀, ẹ̀yìn ló ń wọ́ jọ sí. Ẹni tí kò ní gáréèjì tó sì fẹ́ kí gbogbo orí ọkọ̀ ṣí pátá, aṣọ nìkan ló kù fún un. Ọmọ Alárá, ṣé gbogbo rẹ̀ lẹ fẹ́ kó ṣí, àbí ti iwájú tó yín? Ìyẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bi ara yín.

Àmọ́ I-10 yẹn, mi ò ní purọ́. Tí mo bá ti ń sáré máìlì 70 ní wákàtí, mi kì í gbọ́ ohun tí àwọn ọmọ ń sọ lẹ́yìn. Ọjọ́ mìíràn, oore ni.

Bọ̀dá Leeds

Ẹ jẹ́ kí n dá sí i láti òkèèrè. Land Rover Defender ni tèmi, ti 1998, kánfáàsì ló bò ó. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe èyí tó kẹ́yìn nínú irú àtijọ́ yẹn ní Solihull ní oṣù kìíní 2016, ojú olè kò kúrò lára wọn mọ́, torí náà ẹ̀wọ̀n ni mo fi ń so kẹ̀kẹ́ ìdarí tèmi, kánfáàsì kì í dá ẹnikẹ́ni dúró.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì sọ ni ọ̀rinrin. Nínú òtútù, èémí ẹni máa ń di omi sára aṣọ nínú ọkọ̀, á máa kán sí ọrùn. Ẹ má ká aṣọ tó tutù. Mo ká tèmi lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn òjò, mo gbàgbé rẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tí mo ṣí i, èébu dúdú ti tò sí gbogbo ojú ìlà tí mo ká a sí, òórùn rẹ̀ sì dà bí àpò gàrí tí òjò pa.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tan ìyàwó yín pé òrùlé líle ló máa gbà wọ́n tí ọkọ̀ bá dojú dé. Fáíbà ni, kì í ṣe irin. Páìpù irin tó yí inú ọkọ̀ ká ló ń dáàbò bò yín, ìyẹn sì wà nínú méjèèjì, bẹ́líìtì ló sì máa mú yín dúró sábẹ́ rẹ̀. Aṣọ ni Jeep ti ń wọ̀ láti ojú ogun 1941. 1976 ni Jeep CJ-7, tó ṣáájú Wrangler, ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde tí wọ́n ń ta òrùlé oníke mọ́ ọn fún ẹni tó bá fẹ́.

Lánre (Lẹ́kkí)

Èmi gbé tèmi wálé láti Atlanta, òrùlé líle dúdú. Ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá ra dúdú ní ibi olóoru, ẹ lẹ ìtẹ́nú sábẹ́ rẹ̀. Láìsí i, AC ń ṣiṣẹ́, àtàrí ń jóná, ariwo òjò sì dà bíi pé wọ́n ń da àgbàdo sórí páànù. Àwọn kan wà tí wọ́n gé sí ìwọ̀n tẹ́lẹ̀, ẹ kàn máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn ni.

Ìyá Méjì (Katy)

Bọ̀dá Leeds ti sọ̀rọ̀ omi, kí n fi kún un, torí Baba Táyà ò ní sọ ọ́: òrùlé líle náà ń jò.

Baba Táyà (San Antonio)

Tí rọ́bà rẹ̀ bá dọ̀tí ló ń jò.

Ìyá Méjì (Katy)

Ó ń jò.

Baba Táyà (San Antonio)

Ó dáa, ó ń jò. Ibi tí ègé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti pàdé ni, ó máa ń kán sí èjìká díráfà tẹ́ ẹ bá tẹ búréèkì. Ọmọ Alárá, ẹ gbé tọ́ọ̀ṣì dání lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ń lọ wò ó. Ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì ẹsẹ̀ díráfà sókè, kẹ́ ẹ ti ọwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ ni kẹ́ ẹ lò, ojú máa ń tanni jẹ, torí òkè á ti gbẹ tí ìsàlẹ̀ ṣì rin. Rọ́bà róbótó kan wà tó dí ihò nílẹ̀ ọkọ̀. Ihò náà ni wọ́n fi ń fa omi jáde. Tí ìpẹtà bá ti yí etí rẹ̀ ká, omi ti pẹ́ níbẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n fi rọ́bà omi wọ́n òrùlé náà níṣojú yín fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kẹ́ ẹ jókòó sínú. Ẹni tó bá kọ̀, ẹ kí i, ẹ máa lọ.

Ti aṣọ, ẹ wo ibi tí irin ti ń ha aṣọ lókè, ibẹ̀ ló ti kọ́kọ́ ń lu. Ẹ fa gbogbo síìpù dé òpin. Tí fèrèsé bá ti funfun bí ojú tí inú rẹ̀ ṣú, ẹ ka owó tuntun mọ́ ọn.

Ọmọ Alárá (Houston)

Ọ̀sẹ̀ méjì rèé, ẹ má bínú. Mo rà á. Olórùlé líle ni.

Mo bi ara mi ní ìbéèrè Ìyá Méjì, mo rí i pé ojú ọ̀run iwájú tó mi. Mo ti ọwọ́ bọ abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì bí ẹ ṣe wí, ó rin gbindin. Ojú ẹni tó ń tà á yí padà, ó ní ọmọ òun ló da omi sí i. Mo ní kó wọ́n omi sí orí rẹ̀, ó sì kán sí mi léjìká òsì. A jọ rẹ́rìn-ín, ó yọ $900 kúrò. Mo ti fọ gbogbo rọ́bà, mo sì fi òróró sìlíkóònù pa á, kò jò nínú òjò Tuesday. A ti gba ọkọ̀ ojú omi ọ̀fẹ́ láti Galveston lọ sí Bolivar, ègé méjèèjì wà nínú àpò lẹ́yìn. Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ ní kí n ṣí i.

Nǹkan kan ló kù. Tí mo bá ti dé 65 lórí I-10, mò ń gbọ́ "fíììì" lókè, ní apá ọ̀dọ̀ ìyàwó mi. Tí mo bá fi ọwọ́ tì í sókè, ó ń dákẹ́.

Baba Táyà (San Antonio)

Nọ́ọ̀tì afọwọ́yí tó wà lẹ́yìn ègé ọ̀tún ni, ẹ ò yí i dé òpin. Ẹ kọ́kọ́ tú ìkọ́ iwájú, ẹ ti ègé náà sẹ́yìn kó jókòó dáadáa, kẹ́ ẹ wá yí nọ́ọ̀tì yẹn, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ dá ìkọ́ padà. Ọwọ́ nìkan o, ẹ má fi sípánà fún un.

Ọmọ Alárá (Houston)

Ó ti dákẹ́. Ẹ ṣé, sà.